Èyí Tí Wọ́n Gé, Èyí Tí Wọ́n Ń Ṣọ́

Ohùn Gwi-rye la fi ń mọ̀ pé ọjà Dolsan, erékùṣù wa ní Kòríà, ti ṣí. Bó bá kígbe "Ẹ wá tọ́ ọ wò!" nídìí ìkòkò kimchi rẹ̀, ewébẹ̀ tí a fi iyọ̀ àti ata rẹ títí tó fi kan, àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi á gbọ́ ọ. Ẹgbẹ́ ni wá. Ìsọ̀ ẹja gbígbẹ tèmi ló tẹ̀lé tiwọn, tòun àti àbúrò rẹ̀ Deok-im. Opó làwọn méjèèjì. Iyọ̀, ata àti ewé gat tí a fi ń ṣe kimchi ni wọ́n fi tọ́ àwọn ọmọ tó ti kó lọ sí Seoul báyìí.

Nígbà tí Gwi-rye lé ní àádọ́ta ọdún, ó lọ ṣe àyẹ̀wò ara tí gbogbo wa máa ń ṣe. Nọ́ọ̀sì ní kó jẹ́ kí wọ́n kúkú fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún wo ọrùn rẹ̀ náà. Wọ́n wò ó, wọ́n rí kókó kan tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, lára ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọ̀fun, èyí tó ń pàṣẹ bí ara ṣe ń móoru àti bó ṣe ń lo oúnjẹ. Wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Láyé ìgbà yẹn, ta ló ń dúró béèrè ọ̀rọ̀? Kò sí àdúgbò tí wọn ò ti gé irú rẹ̀ fún ẹnì kan. Wọ́n gé gbogbo ẹ̀yà ara náà dànù.

Gwi-rye yè é, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò bá a padà wálé. Iṣan tó ń darí ohùn ti fara pa lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ohùn wá ń jáde bí ìgbà tí èèyàn bá ń fa àpò lórí iyanrìn. Láràárọ̀, kó tó fi nǹkan kan kan ẹnu, ó gbọ́dọ̀ gbé oògùn mì, títí ọjọ́ ikú. Deok-im ló wá ń pe oníbàárà. Gwi-rye kò ráhùn. "Ẹ̀mí ló jù," ló máa ń wí. "Ẹni tó kú, kí ló fẹ́ fi ohùn ṣe?"

Ọdún ń gorí ọdún, wọ́n rí irú kókó yẹn lọ́rùn Deok-im náà. Mo bá wọn lọ sílé ìwòsàn. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà Pyo ló dá wa lóhùn.

"Màmá, èyí tó kéré báyìí, tí kò sún mọ́ iṣan ohùn, tí kò sì tíì tàn kálẹ̀, a lè máa ṣọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ irú wọn kì í dàgbà. Bó bá dàgbà, a ó gé e nígbà náà. Àwọn dókítà kan ṣì ní ká gé e kíá. Ẹnu wa ò tíì kò."

Gwi-rye ló fèsì. "Jẹjẹrẹ lẹ fẹ́ máa ṣọ́? Olè ti wọlé, ẹ ní ká máa wò ó níran?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán."

"Kí wọ́n sọ kí ni tán? Dókítà, tó bá jẹ́ òní lẹ rí tèmi ńkọ́?"

Dókítà Pyo yíjú sí i. "Màmá, mi ò rí tiyín nígbà yẹn, mi ò lè sọ bí ì bá ṣe rí. Àmọ́ tó bá jẹ́ bí ti àbúrò yín ló rí, màá sọ fún yín pé ẹ lè dúró."

Nínú bọ́ọ̀sì, Deok-im ní òun máa dúró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjú sí fèrèsé. "Ó dáa. Kí wọ́n lè máa nàka sí wa: ọlọ́gbọ́n rèé, òmùgọ̀ rèé."

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti yọjú sí ìsọ̀ mọ́. A rò pé ìbínú lásán ni. Nígbà tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn wá mú débi pé ilẹ̀ ń jó ẹsẹ̀, Deok-im gbé oúnjẹ lọ fún un, ló bá sáré wá pè mí. A bá Gwi-rye nínú kúbùsù ìgbà òtútù, ó tan iná abẹ́ ilẹ̀ tí a fi ń mú yàrá móoru, ó ṣì ń gbọ̀n. Ojú rẹ̀ wú. Ọ̀rọ̀ ń fà lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó ń tojú oorun sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, oògùn yín dà?"

"Mo ti jáwọ́ ńbẹ̀. Bí wọ́n bá gé mi lásán... ṣé oògùn náà kì í ṣe lásán ni?"

A gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn. Dókítà Pyo ní díẹ̀ ló kù kó sùn kó má jí. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó bá a wí jẹ́jẹ́. "Màmá, bóyá ó yẹ kí wọ́n gé e, bóyá kò yẹ, a lè máa jiyàn ìyẹn. Ti oògùn yìí kò ní àríyànjiyàn. Òun ló rọ́pò ohun tí wọ́n gé. Ẹ má ṣe irú rẹ̀ mọ́."

Lọ́jọ́ kan tí ahọ́n Gwi-rye ti fúyẹ́, Deok-im jókòó tì í, ó ń bó èso píìṣì.

"Ṣé ẹ fẹ́ kú kẹ́ ẹ lè fi bá mi wí ni?"

"Ó dùn mí ni. Nígbà tó o ní o máa dúró, ó dà bíi pé ìwọ lo tún gbé ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn."

"Ẹ̀yin tí wọ́n gé ni wọ́n wò, kí wọ́n tó mọ̀ pé a lè dúró. Ohun tójú yín rí ló gbà mí."

"Ìyẹn ni pé èmi lẹsẹ̀ tí wọ́n fi wọn odò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

Deok-im kò fi oyin sí ọ̀rọ̀ náà. Gwi-rye sunkún, ẹkún tí mi ò rí lójú rẹ̀ látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Lẹ́yìn náà ló nu imú. "Gé èso yẹn wẹ́wẹ́, jàre. Ṣé ẹnu màlúù ni mo ní?"

Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí. Gwi-rye ń lo oògùn rẹ̀, ó sì ti padà sí ìsọ̀. Kókó ọrùn Deok-im kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù kò kúrò lára rẹ̀. Bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ku díẹ̀, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í bá a lọ mọ́. Ó ní òun ò lè jókòó síbẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, Deok-im dé, ó ní, "Bó ṣe wà náà ló wà." Gwi-rye mi orí, ó ní, "Ó dáa, a dúpẹ́." Ó fọwọ́ kan ojú àpá ọrùn ara rẹ̀, ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn, kò sì jáde títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn nínú wa.