Gíláàsì Tí Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Kíra

Ọdún tí owó Údójì, àfikún owó oṣù ọjọ́sí, jáde ni Abórìṣàdé ọkọ mi ra mọ́tò. Àlòkù ni, ó sì ti pẹ́ láyé débi pé sítíárì rẹ̀ ṣì wà lápá ọ̀tún, láti ìgbà tí ìjọba kò tíì ní ká máa gba apá ọ̀tún títì. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì la fi ń ṣí fèrèsé rẹ̀! Gbogbo àdúgbò wa ní Òṣòdì ló wá wò ó. Kìkì fèrèsé ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà ni kò ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí a ti rà á. Gíláàsì náà wà ní títì pa.

Ọkọ mi kò kà á sí. Àwọn èèyàn rò pé atẹ́gùn tútù ló ń jẹ nínú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ òógùn ló fi ń wẹ̀. Èmi ni mò ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Láràárọ̀, bó bá ń lọ sí ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ní Ìsọlọ̀, á kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Àjàmú tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe lẹ́bàá rélùwéè. Àwọn méjèèjì jọ wá láti Ìwó ni, àpótí kan ṣoṣo ni wọ́n sì jọ kó aṣọ sí wọ Èkó. Àjàmú á kígbe kí i. Ọkọ mi á dáhùn, á rẹ́rìn-ín, á juwọ́. Ṣùgbọ́n oòrùn tó ń tàn sára gíláàsì kì í jẹ́ kí ẹni tó wà níta rí nǹkan kan.

Ìgbà tó yá, a gbọ́ pé ìyàwó Àjàmú ti bí ọkùnrin, wọ́n sì ti sọ ọ́ lórúkọ. Wọn kò pè wá! Ọkọ mi kò lè jẹun mọ́. Bàṣírátù tó ń ta bátìrì nítòsí Àjàmú ló là á yé mi: "Ìyá Fọlákẹ́, Àjàmú ní owó Údójì ti bo ọkọ yín lójú, pé kì í jẹ́ kíkí òun mọ́."

Mo fò dìde. Mo ní kí ọkọ mi wa mọ́tò náà lọ bá a kíákíá, èmi náà sì tẹ̀ lé e.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ni Àjàmú wí. Ọ̀rẹ́ ọ̀hún! Ó dùn mí wọ egungun. Ọkọ mi kàn nawọ́ sí fèrèsé.

Àjàmú wọnú mọ́tò, ó ti ilẹ̀kùn, ó tẹ bọ́tìnnì títí. Ọkọ mi ń sọ̀rọ̀ níta. Àjàmú ń gbé etí sára gíláàsì. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti tutù fún òógùn.

"Láti ìgbà wo?"

"Bí mo ṣe rà á nìyẹn."

Àjàmú tú awọ inú ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fa gíláàsì ti jóná, ó ń rùn. Ó ní kí ọkọ mi fi àtẹ́lẹwọ́ kan di gíláàsì mú nínú, kó fi ìkejì dì í mú níta, kó má bàa já lulẹ̀. Ó yọ ẹ̀rọ náà, ó lọ tú òmíràn lára ọkọ̀ kan tó ti kú sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Kò yára o. Apá ọkọ mi ti ń gbọ̀n kó tó dé.

"Mo bú ẹ káàkiri Òṣòdì, Abórìṣàdé," ó ní, bó ti ń de ẹ̀rọ náà.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń dá ẹ lóhùn."

"Mo ti mọ̀ báyìí." Ó dá iṣẹ́ dúró. "Sọ ọmọ náà lórúkọ."

"Ọwọ́ mi ò ráyè!"

"Ẹnu la fi ń sọmọ lórúkọ."

Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ; gíláàsì tó fẹ́ já mọ́ ọn lọ́wọ́ ni ọkọ tèmi wò.

"Ọlọ́runyọmí," ó ní.

Àjàmú rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi ń sunkún ní tèmi.

Fèrèsé sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́, a sì gba ilé Àjàmú ní Èjìgbò Èkó lọ wo ọmọ. Àwọn méjèèjì ń kí gbogbo ẹni tí a bá pàdé, wọn ìbáà mọ̀ wọ́n, wọn ìbáà má mọ̀ wọ́n. Ayé ìgbà yẹn dùn o, àárò rẹ̀ ń sọ mí. Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí. Orúkọ tí ọmọ náà ní pọ̀, ṣùgbọ́n Ọlọ́runyọmí ni bàbá rẹ̀ ń pè é títí ó fi kú.