Orù Tí Lazarus Kì Í Nù

Nínú gbogbo ohun tó wà nílé Bàbá Paek ní Parkchester, ẹyọ kan ṣoṣo ni Lazarus kì í nù. Yóò nu tábìlì, yóò nu fèrèsé, yóò nu tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n tó bá kan orù aláwọ̀ ewé tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, yóò fi àkísà yí ìdí rẹ̀ ká, yóò sì kọjá lọ. Eruku ti bo àwọn òdòdó funfun ara rẹ̀ débi pé wọn kò hàn mọ́.

Ohun tó fà á kò ju báyìí lọ. Nígbà tí Lazarus ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú bàbá náà, ó di orù yìí mú lọ́rùn bí ẹni mú kèrègbè ẹmu, ó fẹ́ nù ún. Bàbá Paek, ọmọ ilẹ̀ Korea tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, na ọ̀pá rẹ̀, ó gbá a lọ́wọ́.

"Má fọwọ́ kàn án."

Ìṣojú Ashley, ọmọ bàbá náà, ló ti ṣe é. Lazarus, tó ti ní ọmọ-ọmọ, gbé orù kalẹ̀.

"Mo ti gbọ́, sà. Mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́."

Láti ìgbà náà, bí bàbá bá ti wo orù, tó wo Lazarus, èsì kan náà ni: "Ẹ̀yin lẹ ní kí n má fọwọ́ kàn án." Doyin, ìyàwó Lazarus, ní kó jẹ́ kí iléeṣẹ́ tó rán an níṣẹ́ ìtọ́jú náà gbé e lọ síbòmíràn.

"Kó wá sọ pé òun ló lé mi? Yóò bẹ̀ mí ná."

"Ẹni ọgọ́rin ọdún ni yóò bẹ̀ ọ́? Bàbá Ìyanu, ṣé ọwọ́ yẹn ṣì ń dùn ọ́ ni?"

"Ó ń dùn mí."

Nígbà tó yá, Ashley ní òun ń kó bàbá òun lọ sọ́dọ̀ ara òun ní New Jersey. Lazarus mọ̀ pé tí bàbá bá fi lè lọ láì bẹ òun, ẹ̀bẹ̀ náà ti bọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lọ, wọ́n di gbogbo ẹrù sínú páálí, ó ku orù. Ashley nawọ́ sí i. Bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lédè wọn, ó sì tọ́ka sí Lazarus.

"Wọ́n ní ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbé e."

"Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án."

"Ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́ rí, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ lẹ dì mú lọ́jọ́sí, àyà wọn já."

"Wọn ò lẹ́nu láti sọ ọ́? Ẹ ní kí wọ́n bẹ̀ mí."

Ashley rẹ́rìn-ín. "Bàbá mi? Wọn ò bẹ màmá mi títí tí màmá fi kú. Orù yìí ti wà kí New York tó di ìlú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Bàbá Paek dìde. Ó gbé orù, ó wá dúró níwájú Lazarus, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i, ó sì tẹ orí ba. Ẹ̀rín kú lẹ́nu Ashley.

"Àgbà wa kì í fi ọwọ́ méjèèjì fún ọmọdé ní nǹkan," ó rọra sọ. "Mi ò rí i kí wọ́n ṣe é rí."

Ó ti pẹ́ tí Lazarus ti ń retí ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n kò ro bí yóò ṣe rí. Ẹni tó tó bí i lọ́mọ ló ń tẹrí fún un yìí. Nílé wọn, wọ́n ní irú ẹ̀ máa ń gé ẹ̀mí ènìyàn kúrú. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá dọ̀bálẹ̀, ta ni yóò gba orù? Ó bá kúnlẹ̀ bí obìnrin, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìdí orù náà.

"Ẹ gbórí sókè, sà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi."

Bàbá Paek kò tètè fi orù sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbé ọwọ́ Lazarus kan sí ikùn orù, níbi tó le, kó tó yọ tirẹ̀. Lazarus fi apá ṣẹ́ẹ̀tì nù ún. Òdòdó yọ, ìkọ̀ọ̀kan nínú wọn jẹ́ amọ̀ funfun tí wọ́n tẹ̀ sínú ibi tí wọ́n gbẹ́.

Ashley gbé páálí wá kí wọ́n fi orù sí i, ṣùgbọ́n Bàbá Paek mirí pé rárá. Bẹ́ẹ̀ ni Lazarus ṣe gbé orù lé itan lẹ́yìn mọ́tò, tó bá wọn gun afárá kọjá. Fóònù rẹ̀ dún. Bàbá Paek ló bá a fà á yọ lápò, tó gbé e sí i létí.

"Níbo lo wà?" Doyin ni.

"Mo ń lọ sí New Jersey. Ọwọ́ mi dí."

"Ó ti bẹ̀ ọ́?"

Lazarus wo ọwọ́ tó di fóònù náà mú.

"Ó ti fi ọwọ́ bẹ̀ mí," ó ní. "Ó ku tẹnu."