Wáàsì Inú Gìtá Mi

Ìbínú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí! Bí mo bá ti tan ampilifáyà gìtá mi báyìí, ohùn ààfáà kan á bọ́ síta, á máa ṣe wáàsì bí ìgbà tí wọ́n tan rédíò. Bẹ́ẹ̀, mi ò ní rédíò!

Mo tú ampilifáyà náà, mo tún un tò. Kàkà kó sàn, ńṣe ni wáàsì ń ròkè sí i. Inú bí mi, mo fa wáyà tó so gìtá mọ́ ampilifáyà yọ.

Kẹ́kẹ́ pa!

Mo dá wáyà náà padà sínú gìtá, ààfáà bẹ̀rẹ̀. Háà! Wáyà yìí ni! Àdìó ọ̀rẹ́ mi, tó ń fa iná sílé tuntun ní Magboro, ló bá mi so ó nígbà tó já. Wáyà iná ilé tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ ló sì fi so ó gbọọrọ. Wáyà gìtá gidi ní àwọ̀n irin nínú tí kì í jẹ́ kí rédíò ráyè wọlé. Ti iná ilé ò ní in.

Mo sáré dé Ibafo, mo ra tuntun. Mo fi í sínú gìtá: ààfáà ò fọhùn. Mo ta gìtá, ó dún gooro! Mo pariwo, mo fò sókè.

Ni wọ́n bá ń gbá ilẹ̀kùn mi. Ìyá Lateefah aládùúgbò mi ni, tí wọ́n máa ń bínú sí gìtá mi lójoojúmọ́. Mo yára dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú mà, mo máa dín gìtá kù."

"Gìtá wo? Afọlábí, tan rédíò rẹ padà jàre, wáàsì ò tíì parí!"