Yàrá tó kù ní Ìgàndò

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Ganiyat fi ṣiṣẹ́ ìjọba, kò sì ṣe iṣẹ́ mìíràn ju kó máa wá ibùgbé fún àwọn tí kò rílé gbé lọ. Bí òjò bá ṣú, àwọn tó wà lábẹ́ afárá ló kọ́kọ́ máa ń rántí, kó tó rántí aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ sá síta. Oṣù tó ń bọ̀ ni yóò fẹ̀yìn tì. Yàrá kan ṣoṣo ló kù nínú ilé tí ìjọba kọ́ fún àwọn aláìnílé sí Ìgàndò, ó sì ti ṣèlérí rẹ̀ fún Ràbíátù, ìyá arúgbó ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń sùn síwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkòtún.

Nígbà tí Ganiyat ní kó palẹ̀ mọ́, ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá. Ó fi ẹní, ìkòkò àti bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe sàráà fún obìnrin tó ń sùn nítòsí rẹ̀, àwọn ará mọ́sáláṣí ṣàdúà fún un, ó sì tẹ̀ lé Ganiyat.

Julius ló ń ṣọ́ ilé náà. Ganiyat ló gbé Julius kúrò lábẹ́ afárá nígbà tí egbò fẹ́ jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán, tó tọ́jú rẹ̀, tó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Mọ̀mí ló ń pè é. Lọ́jọ́ yìí, kò sáré wá pàdé wọn. Kọ́tìnnì tuntun ti wà lójú fèrèsé yàrá ìyá. Àbúrò ìyàwó ọ̀gá Ganiyat níbi iṣẹ́ ti kó wọbẹ̀ lánàá.

Ganiyat béèrè ẹni tó ṣílẹ̀kùn. Julius wolẹ̀, ó ní òun ni. Òun náà ló fọwọ́ sí ìwé pé ìyá ti ní òun kò fẹ́ yàrá mọ́. Òfin ilé náà ni pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ibẹ̀ ju ọdún méjì lọ, ọdún méjì ti Julius náà sì ti fẹ́ pé. Ọ̀gá ti ṣèlérí pé bó bá gbà, kò ní kúrò mọ́.

"O ò lè sọ fún mi?"

"Mọ̀mí, ẹ ti fẹ́ fẹ̀yìn tì. Tí wọ́n bá lé mi síta, ta ni mo fẹ́ lọ bá?"

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ọ̀rọ̀ náà dun Ganiyat wọ egungun. Kò bú ẹnikẹ́ni tó gbà wọlé rí, ṣùgbọ́n ó pe Julius ní ọ̀dàlẹ̀ lójú gbogbo ilé.

Ó wá yíjú sí Ràbíátù, ó ní kó ṣì padà sí Ìkòtún ná. Ìyá ní ẹni tí òun fún ní ẹní ti tẹ́ ẹ síbi tí òun ń sùn, a kì í sì í gba sàráà padà. Ó wá kọjú sí Ganiyat.

"Àlàájà, ilé yín ní Gowon Estate ńkọ́? Ṣé kò sí àyè níbẹ̀ ni?"

Yàrá méjì ló ṣófo nínú ilé náà láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti lọ sókè òkun. Julius ló bá a gbá wọn nígbà ọdún Iléyá.

"Ó ti kún, ìyá," ni Ganiyat wí.

Julius gbójú sókè, ó wo Ganiyat.