Alárinà Láàárín Ogójì àti Méjìlá

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí Ìyá àgbà Hillevi wá mú ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ sílé, àtẹ̀gùn ni a ti gbọ́ òórùn búrẹ́dì rẹ̀ kí a tó fojú kan òun fúnra rẹ̀. Ogójì búrẹ́dì aládùn ni ó gbé wá, gbogbo wọn wé mọ́ra bí ìgbín, ṣúgà sì ń dán lórí wọn. Ó ti gbé wọn gba inú ọkọ̀ ojú omi àti bọ́ọ̀sì láti erékùṣù Skarvön dé Göteborg, ó sì fi aṣọ ìnura bo agolo tí wọ́n wà nínú rẹ̀ bí ẹni bo ìkókó. Ó gbé e ka tábìlì, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó wo gbogbo àwa tí a dojú kọ kọ̀ǹpútà yí yàrá ká.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bó bá jẹ́ iṣẹ́ ni."

Eskil, aláwàdà wa, rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Tuva nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òun ni ọmọ ọmọ náà, ó sì mọ ohun tó wà ńlẹ̀.

Ìyá àgbà ní ilé kọfí kan létí omi, níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń rọ́ wọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì fẹ́ kí Tuva wá gbà á lọ́wọ́ òun. Tuva fẹ́ràn ilé náà. Ṣùgbọ́n èdè kọ̀ǹpútà tí a ń kọ́ tí a sì ń tún ṣe ní ilé iṣẹ́ wa yìí ti gbà á lọ́kàn bí ọmú ṣe ń gba ọkàn ọmọ titun. Wọ́n jiyàn jiyàn, ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n wá fẹnu kò. Bí Ìyá àgbà bá lè ka ìlà kan péré nínú iṣẹ́ Tuva, tí ó sì yé e láìjẹ́ pé ẹnìkan túmọ̀ rẹ̀ fún un, kò ní dárúkọ ilé kọfí fún un mọ́ láéláé. Bí kò bá yé e, kí Tuva di ẹrù rẹ̀.

Èmi tí mo ti pẹ́ láàárín wọn, tí tábìlì èmi àti Tuva fara kanra, àdúrà ni mo ń gbà sínú ife kọfí mi: Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yìí dójú tì í lójú ẹni tó bí ìyá rẹ̀.

Torkel ni ọ̀gá wa, ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ máa ń ṣáájú ẹnu rẹ̀ dé inú kọfí. Ó gbọ́ pé àárín nǹkan méjì ni Tuva fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sí nínú ìlà náà, ó mi orí.

"Tuva, gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà síwájú. Orí ló ń ṣáájú ara wọlé."

"Torkel, ẹ jọ̀ọ́, alárinà ńkọ́? Ṣé iwájú ọkọ àti ìyàwó ló ń dúró ni, àbí àárín wọn?"

"Alárinà tèmi," ni Eskil wí, "ó dúró láàárín wa títí, òun ló fẹ́ ọmọge náà."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń jà sí i. Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí o bá gbé nǹkan méjì fún, tí yóò ṣe iṣẹ́ lé wọn lórí, tí yóò sì dá ẹyọ kan padà fún ọ. Iwájú ló máa ń dúró, tí nǹkan méjèèjì á tò lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá fi àmì kékeré kan sí i létí ọ̀tún, tí o fi òmíràn sí i létí òsì, àyè gbà á láti wọ àárín wọn. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yòówù ni. Kò dìgbà tó bá jẹ́ àmì ìṣirò bíi + àti −, àwọn ọmọ aládé tí wọ́n bí sáàárín. Mo ti ki í rí, nígbà tí inú mi dùn:

Ọ̀rọ̀ oníyẹtí méjì, a-wọ-àárín-má-fa-ìjà,
ọ̀tún rí ọ, ó ní tèmi dé,
òsì rí ọ, ó ní tèmi náà dé.
Mẹ̀kúnnù àná tó wọ yẹtí,
tó bá ọmọ aládé jókòó lórí ẹní kan náà.

Tuva jókòó. Ó mú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kan tó ti bá èdè náà wáyé, èyí tó ń yọ nǹkan kúrò nínú nǹkan, ó sì fi ọ̀rọ̀ ilé wọn sọ ọ́ lórúkọ kí Ìyá àgbà lè kà á. Ó yí orúkọ rẹ̀ padà, kò bi í léèrè ìwà. Lórí pátákó bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà ilẹ̀ yìí, àmì yẹtí yẹn lágídí: o óò tẹ̀ ẹ́, kò ní yọjú, àfi bí o bá tẹ bọ́tìnnì àlàfo lé e. Tuva tẹ̀ ẹ́ léraléra, yẹtí mẹ́ta jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

"Tuva, etí mélòó ló ní?" ni Eskil kígbe. "Yẹtí méjì tó o!"

Ó pa ọ̀kan rẹ́. Àwa náà ti jẹ méjìlá nínú búrẹ́dì náà kí ó tó kọ ọ́ tán, ohun tó sì hàn gàdàgbà lára ògiri, níbi tí ẹ̀rọ ń tan iṣẹ́ rẹ̀ sí, nìyí, bí mo bá fi Yorùbá kọ ọ́:

40 `yọ` 12

Ó tẹ bọ́tìnnì. Kọ̀ǹpútà dáhùn: −28.

Àwa tó mọ èdè náà kérora pọ̀. Kò sí ẹni tí kò tíì já sí kòtò yẹn rí nínú wa. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn, ohun tí wọ́n fẹ́ yọ ló ń kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn náà ni yóò gba ibi tí wọn óò ti yọ ọ́. Tó bá dúró níwájú, ìwà náà bá a mu. Ṣùgbọ́n láàárín, ogójì ló gbé, ó fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú méjìlá!

"Mo wí, n ò wí?" ni Torkel wí. Ṣùgbọ́n ó rí omi tó lé ròrò lójú Tuva, ó sì fi búrẹ́dì di ara rẹ̀ lẹ́nu.

Ìyá àgbà wọ awò ojú. Ó sún mọ́ ògiri bí ẹni fẹ́ gbóòórùn rẹ̀.

"Irọ́ ni nǹkan yín yìí ń pa."

"Ìyá àgbà, kí lẹ wí?"

"Mo ní irọ́ ni! Ogójì, yọ méjìlá, ó wá lọ sábẹ́ òfo? Ṣé ẹ ti jẹ búrẹ́dì tí mi ò tíì sè ni?"

"A lè gbìyànjú ẹ̀, Ìyá àgbà," ni Eskil wí.

"Pa ẹnu ẹ dé, ọ̀jẹun. Méjìdínlọ́gbọ̀n ló yẹ kó kù."

Tuva dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ìyá àgbà, ta ló sọ fún yín pé yíyọ ni?"

"Ta ni yóò sọ fún mi? Ṣé ojú mi fọ́ ni? Ó dúró láàárín àwọn méjèèjì nìyẹn, pẹ̀lú yẹtí tí aláriwo yìí ń pariwo ẹ̀!"

Torkel ló kọ́kọ́ gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

"Hillevi," ó ní, "ẹ kà á o."

Ariwo sọ! Eskil gun orí àga. Èmi pariwo "Ṣeun, Olúwa!" débi pé àwọn ará yàrá kejì yọjú. Ìyá àgbà fọwọ́ bo ẹnu.

"Yéè! Ẹnu mi ló pa mí yìí! Ẹ̀tàn ni!"

"Kì í ṣe ẹ̀tàn, àṣìṣe gidi ni," ni Tuva wí, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ká ní ó dáhùn dáadáa ni, ẹ ò bá kàn ní 'ó dára' ni, mi ò bá má mọ̀ bóyá ó yé yín."

Ìyá àgbà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Nítorí náà, ohun tó o ń ṣe látọjọ́ yìí ni pé kí irú èmi lè rí i kà?"

"Òun náà ni, Ìyá àgbà."

"O ò ṣe wí bẹ́ẹ̀? Ilé kọfí á rí ẹni tó máa fẹ́ràn ẹ̀ bó o ṣe fẹ́ràn yẹtí ẹ yìí." Ó fi etí aṣọ nu ojú Tuva, ó sì fi nu tirẹ̀.

Tuva ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tuntun fúnra rẹ̀, èyí tó gba ibi tí wọ́n ń yọ nǹkan kí ó tó gba ohun tí wọ́n ń yọ, ó sì gbé e sáàárín. Kọ̀ǹpútà ní 28. A pàtẹ́wọ́. Eskil ka inú agolo, ó ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni òun rí. Gbogbo wa yíjú sí Torkel. Ṣúgà ń tàn nínú irùngbọ̀n rẹ̀ bí ìràwọ̀.

"Èyí ò kan ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀," ni ó wí. "Òfin ni òfin. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dà rú lójú gbogbo wa ni yóò se àkàrà òyìnbó fún wa lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀."

"Tuva ni yóò se àkàrà?" ni Ìyá àgbà wí. "Ẹ fẹ́ fi ẹ̀rín pa mí ni! Èmi ni n ó wá sè é. Ibo ni ààrò yín wà?"

Tuva fà á lọ́wọ́, àwọn méjèèjì lọ wo ààrò, wọ́n ń sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọkọ àti aya bá mojú ara wọn tán, alárinà a yẹ̀bá. Ìlà náà ṣì wà lára ògiri, pẹ̀lú yẹtí rẹ̀ méjèèjì, ẹnìkan kò sì wò ó mọ́.