Ọkọ̀ Tí Mo Fi Ọ̀bẹ Ìdáná Parí

Bí ẹ bá dé Ìkàrẹ́, tí ẹ béèrè onídìrí tó máa ń jà, ilé mi ni wọn yóò mú yín wá. N kò bínú sí i. Nílé tiwa, ẹni tí kò bá lè jà, wọn yóò pín òun náà mọ́ ogún ni.

Ògúnwọlé, bàbá mi, káfíńtà ni ní Ìwàrò-Ọ̀kà. Ìdílé Ògún ni wá, a kò sì fi bò. Ó ṣe ìlẹ̀kùn, ó ṣe àga ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣe pósí. Láti kékeré ni mo ti ń bá a di igi mú, bí kò bá sì sí ẹnikẹ́ni nítòsí, a máa fún mi ní ìfági rẹ̀ kékeré kí n fi fá pákó. Ọwọ́ mi mọ ìfági yẹn kí ó tó mọ òòyà.

Ní ọdún 1989, Tíṣà Rachel, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní súkúrù kan ní Ìkàrẹ́, gbé àwòrán kan wá bá a. Àwòrán ọkọ̀ ojú omi ayé àtijọ́ ni, irú èyí tí ń fi aṣọ gba afẹ́fẹ́ rìn. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹrú ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti tú sílẹ̀ ní Sàró dáwó jọ, wọ́n rà á, wọ́n sì wọ inú rẹ̀ wálé. Ó ti tó àádọ́jọ ọdún. Tíṣà ń fẹ́ kí bàbá mi fi igi ṣe irú rẹ̀ kékeré, kí àwọn ọmọ lè fojú rí i.

Bàbá mi wo àwòrán náà títí. Ó ní, “Wọ́n ra ohun tó ń kó wọn lọ, wọ́n fi wálé.” Ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà kò gba iṣẹ́ mìíràn mọ́. Ó ti to egungun ọkọ̀ náà, ó ti fi pákó tín-ín-rín bo ikùn rẹ̀ yíká, kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀. Kò dìde mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá Àyàndélé, àbúrò bàbá mi tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ onílù, tó di olórí ẹbí, kó gbogbo irin iṣẹ́ sínú àpótí, ó fi àgádágodo tì í, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé Bùrọ̀dá Ládélé lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni Ládélé, akọ̀wé ni ní Àkúrẹ́. Kò tíì kan ìṣó kan rí tí kò wọ́.

Mo ní, “Ọkọ̀ Tíṣà ńkọ́?”

Bàbá Àyàndélé ní, “Káfíńtà kan wà l'Ọ́bà-Àkókó. Yó bá wa parí ẹ̀.”

“Èmi ni n ó parí ẹ̀.”

“Obìnrin kì í fọwọ́ kan irin Ògún ní ulé yìí. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Bàbá. N ò ní fọwọ́ kan irin inú àpótí yẹn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í ṣe irin.”

Mo bá gbé e. Wọ́n rò pé eré ni mò ń ṣe, títí mo fi dé ibùdókọ̀.

Mo gbé e lé itan nínú bọ́ọ̀sì. Kọ̀ńdọ́ wò ó, ó ní, “Mama, wetin be dis? Òkun wo ló wà n'Ìkàrẹ́?” Ó ní bí ọkọ̀ bá wọ ọkọ̀, owó ènìyàn méjì ni. Mo san án. Mo sọ fún un pé ara owó náà ni kí ó fi ra ọṣẹ fọ ẹnu rẹ̀.

Nínú ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ti ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀bẹ tí mo fi ń gé ẹ̀fọ́ ni mo fi gbẹ́ àwọn òpó tí aṣọ yóò so mọ́. Èyí àkọ́kọ́ là sí méjì mọ́ mi lọ́wọ́. Mo bú ọ̀bẹ, mo bú Ládélé, mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo fọ́ ìgò, mo fi àfọ́kù rẹ̀ fá òpó náà títí ó fi dán. Gèlè funfun ìyá mi ni mo fi abẹ́rẹ́ rán ṣe aṣọ ọkọ̀. Òwú dúdú tí mo fi ń kó irun ni mo fi ṣe àwọn okùn rẹ̀. Okùn ọkọ̀ yẹn pọ̀ ju irun orí lọ: omíràn lọ sókè, omíràn dábùú, omíràn so mọ́ ẹ̀gbẹ́. Kíkó irun ni iṣẹ́ mi, n kò bẹ̀rù òwú.

Ràfíátù oníbàárà mi ní, “Ìyátúndé, èwo lò ń kó, irun mi ni àbí okùn ọkọ̀?”

Mo ní, “Fara balẹ̀ jókòó. Ó máa kàn ẹ́.”

Ó ku díẹ̀ kí n parí rẹ̀ nígbà tí Bàbá Àyàndélé àti Bùrọ̀dá Ládélé dé. Ará Ọ̀kà kan ti lọ ròyìn.

“Ùyátúndé, ta ló fún ẹ nírin?”

Mo kó ọ̀bẹ, àfọ́kù ìgò àti abẹ́rẹ́ síwájú rẹ̀. “Bàbá, irin inú àpótí dà níbẹ̀?”

Ó mú ọ̀bẹ, ó gbé e sókè. “Kí leléyìí? Irin kọ́ ni? Gbogbo irin, t'Ògún ni.” Inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé ọwọ́ òun ti tẹ̀ mí.

“Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Ọ̀bẹ yẹn náà ni mo fi gé ẹran ìsìnkú bàbá mi. Ẹ jẹ ńbẹ̀, ẹ tún ní kí n bù sí i. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú lẹ ti ń fi ọ̀bẹ lé mi lọ́wọ́, Ògún ò sì bínú. Àbí ìgbà tí ebi bá ń pa yín nìkan l'Ògún máa ń dijú?”

Ràfíátù fi gèlè bo ẹnu. Bàbá Àyàndélé wá ibi kan jókòó. Ó wo ọkọ̀ náà pẹ́, ó fi ìka kan òpó rẹ̀.

Bùrọ̀dá Ládélé ló jáde lọ síbi mọ́tò. Àpótí bàbá mi ni ó gbé wọlé. Ó ṣí i.

Ó ní, “Má jẹ̀ẹ́ kọ́rọ̀ gùn. Gba gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tó máa wà lára ọkọ̀ yẹn, ‘Ògúnwọlé àti Ládélé ọmọ rẹ̀’ ni. Mo ti sọ fún àwọn èèyàn.”

Ìfági kékeré náà wà lókè pátápátá. Ibi tí àtàǹpàkò bàbá mi ti jẹ ẹ́ ṣì hàn. Mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo ti na ọwọ́ sí i.

Bàbá Àyàndélé rọra sọ pé, “Gbà á, ọmọ mi. Orúkọ lásán ni.”

“Bó bá jẹ́ pé lásán ni, Bàbá, ẹ jẹ́ kó jẹ́ tèmi.”

Mo pa àpótí náà dé. “Ẹ gbé e lọ, Bùrọ̀dá.”

Ó rọra ń rìn lọ, bóyá n ó pè é padà. N kò pè é. Nígbà tí mọ́tò wọn lọ tán, mo sunkún níwájú Ràfíátù, ojú kò sì tì mí. Lẹ́yìn náà mo mú ọ̀bẹ, mo gbẹ́ ẹ sí ìdí ọkọ̀ pé: ÒGÚNWỌLÉ LÓ BẸ̀RẸ̀ RẸ̀. ÌYÁTÚNDÉ ỌMỌ RẸ̀ LÓ PARÍ RẸ̀.

Lọ́jọ́ tí Tíṣà fi ọkọ̀ náà han ìlú, ó pe gbogbo ẹbí wa sí gbọ̀ngàn súkúrù. Bùrọ̀dá Ládélé wọ agbádá, ó jókòó síwájú. Èmi wà lẹ́yìn láàárín àwọn ìyá ọmọ. Ọ̀gá súkúrù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka ohun tí mo gbẹ́ sókè, ó sì yíjú sí Ládélé.

“Ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ta wá ni Ìyátúndé?”

Ládélé wo òkè àjà, ó wo bàtà rẹ̀. Bàbá Àyàndélé ló wú ikọ́, tó sì fèsì.

“Ọmọ wa ni. Obìnrin ni. Ìyátúndé, dìde kí wọ́n rí ẹ.”

Mo ti dìde kí ó tó sọ ọ́.