Ohùn Tó Wà Lápá Òsì

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú náà tó mọ́ ni Kanae Nemoto ti mọ ohun tí òun yóò rà. Íàpíìsì ni, irú èyí tí wọ́n ń rọ sí ìwọ̀n ihò etí ẹnìkan ṣoṣo, tí àwọn olórin ń tì bọ etí lórí pèpéle, tí ẹlòmíràn kò sì lè yá lò láéláé nítorí pé kò ní gba etí rẹ̀. Owó àjẹmọ́nú àkọ́kọ́ tó gbà láti ìgbà tó ti jáde ní yunifásítì ni yóò fi rà á, bàbá rẹ̀ ni yóò sì rà á fún. Lójú Kanae, ọ̀rọ̀ náà ju ẹ̀bùn lọ. Ẹjọ́ kan ni, tí kò sí adájọ́ tó dá a rí.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Isao, bàbá rẹ̀, fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Kamata, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gé irin. Ẹ̀rọ náà dúró sí apá òsì rẹ̀, ó sì ń lu irin láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá wọn a máa sọ pé àwọn tí iṣẹ́ ń bà lẹ́rù ló ń wá ohun tí wọn yóò fi dí etí. Nígbà tí Isao fẹ̀yìn tì, kò sí ẹni tó bi í léèrè etí. Aago ògiri ni wọ́n fún un, aago tó ń dún gbọnrangandan, tí etí òsì ọkùnrin náà kò lè gbọ́ dáadáa mọ́. Ó gbà á, ó tẹrí ba, ó dúpẹ́. Ìdúpẹ́ yẹn ṣì ń bí Kanae nínú ju aago náà lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe aago ló gbé wọn dé Akihabara, àdúgbò àwọn tó ń ta ẹ̀rọ, lọ́jọ́ náà. Kásẹ́ẹ̀tì kan ni. Nígbà tí Kanae wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Fumie ìyá rẹ̀ kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin àdúgbò, òun nìkan ló sì dá ẹsẹ kan kọ nínú orin tó kẹ́yìn. Isao jókòó sí ìlà kẹta, ó gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta tí Fumie ti kú, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí kì í ti íàpíìsì olówó pọ́ọ́kú bọ etí kó lè gbọ́ ẹsẹ yẹn. Kò jẹ́ tú ohùn síta láéláé, nítorí pé ògiri ilé wọn tinrín, arúgbó obìnrin kan sì ń gbé lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Kanae bá kásẹ́ẹ̀tì náà lórí pẹpẹ kékeré tí wọ́n fi ń rántí òkú nínú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìyá rẹ̀.

"Ó ti ń parẹ́ nínú rẹ̀," ni bàbá rẹ̀ wí. "Àwọn yòókù ṣì ń kọrin. Òun ni mi ò gbọ́ mọ́. Jẹ́ kó sinmi."

Kanae kò fẹ́ kó sinmi. Ìyá rẹ̀ ti kú lẹ́ẹ̀kan; kò ní í jókòó máa wò ó kó tún kú lẹ́ẹ̀kejì.

Àjà kẹta ilé kan ní Akihabara ni ṣọ́ọ̀bù tí Kanae ti yàn wà. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún íàpíìsì àti hẹ́dífóònù ló tò síbẹ̀, àwọn ènìyàn sì jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tó wà ní ilé ìkàwé, oníkálukú pẹ̀lú orin tó gbé wá láti ilé. O lè gbọ́ orin fún wákàtí méjì níbẹ̀ kí o má ra nǹkan kan, wọn yóò sì tẹrí ba fún ọ bí o bá ń lọ. Kanae ti múra ìjà sílẹ̀ de òǹtàjà tí yóò fẹ́ rẹ́ wọn jẹ. Ẹni tó wá bá wọn ni Ìyáàfin Usui, obìnrin tó ti ń hewú, tó fi iná tọ́ọ̀ṣì kékeré kọ́ ọrùn.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ta ló fẹ́ gbọ́ orin nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

"Bàbá mi ni," ni Kanae dáhùn. "Ẹ bá wa wọn etí wọn. Èyí tó wà nínú gíláàsì lókè yẹn la fẹ́."

"Ẹ má dá a lóhùn," ni Isao wí. "Ó ti ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì tán. Bí ẹ bá fún un láyè, ẹ̀yin gan-an ló máa ta ọjà náà fún."

Ìyáàfin Usui rẹ́rìn-ín. "Á dáa kó wá bá wa ṣiṣẹ́ níbí. Ẹ jẹ́ n yọjú wo inú etí yín ná, Bàbá."

Ó tan iná sí òsì, ó tan án sí ọ̀tún. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ pòórá. "Kí lẹ ń tì bọ ibí yìí lójoojúmọ́?"

Isao yọ íàpíìsì kan láti inú àpò. Rọ́bà orí rẹ̀ ti ya. Ojú ń tì í bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

"Inú etí yín ti bó, Bàbá. Ó pọ́n wẹ̀ẹ̀. Mi ò lè da èròjà tí a fi ń mú ìrísí ihò etí sínú egbò. Ẹ lọ rí dókítà lọ́la. Mi ò ní ta íàpíìsì kankan fún yín lónìí."

"Owó wa ni kò dára tó ni?" ni Kanae bi í.

"Owó yín dára, ọmọ mi. Etí ni ò dára."

Kanae ti mọ bí a ṣe ń bá olè jà. Kò mọ ohun tí a ń ṣe fún òǹtàjà tó kọ̀ láti ta ọjà tó wọ́n jù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìbínú rẹ̀ wá ibi tí yóò bà sí, kò rí.

Ìyáàfin Usui gbé hẹ́dífóònù dúdú ńlá kan wá láti pẹpẹ ìsàlẹ̀, èyí tí iye rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá ti inú gíláàsì. Isao ju ọwọ́ sókè.

"Rárá o, ohùn ń jò jáde nínú ìyẹn! Mo ti rí àwọn ọmọ tó ń gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin, gbogbo èrò á máa wò wọ́n bí ẹni tó tú ẹja gbígbẹ síbẹ̀. Arúgbó ló ń gbé lẹ́yìn ògiri mi, ìyá."

"Ẹ wá wo ògiri tèmi, Bàbá."

Nínú kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù náà ni pákó kan dúró láàárín àga méjì. Ògiri gidi ni, tinrín, tí bébà òdòdó tó ti ṣá ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Ọdún mọ́kànlá ni Ìyáàfin Usui fi gbé inú yàrá tí wọ́n ti gé e. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wó ilé náà, ó bẹ àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n gé apá kan rẹ̀ fún òun, torí ó mọ̀ pé irú Isao pọ̀ nílùú. Kanae wo ògiri náà, ó sì fi ojú mìíràn wo obìnrin náà.

Isao jókòó síhìn-ín, ó fi hẹ́dífóònù bo etí, ó sì ki okùn rẹ̀ bọ ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kanae lọ fi etí lẹ̀ mọ́ pákó lọ́hùn-ún.

"Kò sí orin kankan, Bàbá!" ni ó ké nígbà tó ṣe díẹ̀. "Ẹsẹ̀ yín tó ń lu ilẹ̀ ni mò ń gbọ́. Ẹsẹ̀ yín ló ń dí aládùúgbò lọ́wọ́!"

Ṣùgbọ́n nígbà tó yí padà wá, ojú bàbá rẹ̀ kò dán.

"Ó rọ̀ mí létí," ni Isao wí. "Kò dùn mí rárá. Ohùn ìyàwó mi náà ṣá ni mi ò gbọ́. Ó dà bíi pé yàrá kejì ló wà." Ó ti ń yọ kásẹ́ẹ̀tì náà. "Kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Ó ti gbó ni. Kanae, jẹ́ ká lọ jẹ sóbà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ," ni Ìyáàfin Usui wí.

Ó gbọ́ orin tó kẹ́yìn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó dijú. Nígbà tó lajú, ó rọra sọ̀rọ̀.

"Kásẹ́ẹ̀tì yìí kò gbó. Apá òsì hẹ́dífóònù nìkan ni ohùn tó dá kọrin ti ń jáde. Bàbá, níbo ni ìyàwó yín dúró sí lọ́jọ́ yẹn?"

"Lápá òsì pátápátá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù."

"Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti wọlé, apá ọ̀tún lẹ ń kọ sí mi kẹ́ ẹ tó gbọ́ mi. Ṣé òsì ni kò gbọ́ mọ́?"

Isao fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìtìjú bo Kanae. Òun tó mọ orúkọ ẹ̀rọ tó ba etí náà jẹ́, òun tó ń bínú nítorí rẹ̀ láti kékeré, kò ronú kan ìbéèrè yìí rí. Ó rò pé ohun èlò tó wọ́n jù yóò fi agbára wọnú etí tó ti kú.

Ìyáàfin Usui gba hẹ́dífóònù náà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, ó sì fi bo orí Isao padà. Òsì di ọ̀tún, ọ̀tún di òsì.

"Èyí tí wọ́n rọ fún etí òsì kò lè wọ etí ọ̀tún títí ayé," ni ó sọ fún Kanae. "Ṣùgbọ́n ẹ wo eléyìí: ife méjì tó jọra wọn ni. Kò bìkítà nípa ẹ̀gbẹ́ tí a bá kọ ọ́ sí."

Ó tẹ ẹ̀rọ náà. Isao jókòó bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tí kò retí mọ́. Lójijì ó di etí àga mú.

"Ó mí!" ni ó pariwo. "Kanae! Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó mí!"

Ariwo náà la ṣọ́ọ̀bù tó dákẹ́ rọ́rọ́ náà já. Gbogbo orí yí sí i. Ọkùnrin tí kò tíì dí aládùúgbò kankan lọ́wọ́ láyé rẹ̀ dìde, ó tẹrí ba sọ́tùn-ún, ó tẹrí ba sósì, hẹ́dífóònù náà lórí, omi ní ojú rẹ̀. Àwọn àjèjì tó wà níbẹ̀ tẹrí ba fún un padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tó bínú.

Ìyáàfin Usui ti ń so òwú pupa mọ́ ife apá ọ̀tún, kó má baà ṣì í gbé nílé. "Ẹ jókòó, Bàbá," ni ó wí. "Ẹ tún un gbọ́. Ọ̀sán ṣì pọ̀."

Kanae kò lè dúró síwájú wọn mọ́. Ó yí gba ẹ̀yìn ògiri náà, ó jókòó sórí àga aládùúgbò, ó sì fi etí lẹ̀ mọ́ pákó. Kò gbọ́ orin kankan. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́, tó ń lu ilẹ̀ jẹ́jẹ́, tí kò sì dáwọ́ dúró.